Kẹ́ẹ̀gì Mẹ́jọ Sàn Ju Dúrọ́ọ̀mù Kan Lọ: Sáyẹ́ǹsì Ìpamọ́ Oúnjẹ Ẹṣin

Nǹkan kan wà tí ọmọ ọwọ́ lè ṣe tí ẹṣin ò lè ṣe: ẹṣin ò lè bì.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà á gbọ́. Ẹranko tó ń gbé ọkùnrin tòun ti agbádá àti láwàní sáré lọ́jọ́ dọ́bà n'Ílọrin, kò lágbára láti bi ohun tó bá ti jẹ. Iṣan tó wà níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti wọ inú ikùn rẹ̀ le débi pé ohun tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ajá tó bá jẹ nǹkan burúkú á bì í. Èmi àti ẹ̀yin náà á bì í. Ti ẹṣin ò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó bá gbé mì ti di tirẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń pa oúnjẹ ẹṣin mọ́ kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Láyé àtijọ́, eṣinṣin tsetse ni olórí ọ̀tá ẹṣin nílẹ̀ wa. Àìsàn tó ń gbé kiri ni kò jẹ́ kí ẹṣin Ọ̀yọ́ lè pẹ́ láyé nínú igbó, tí wọ́n fi ní láti máa ra òmíràn láti òkè ọya. Lónìí, ẹni tó ń sin ẹṣin méjì tàbí mẹ́ta n'Ílọrin, tàbí tó ń fi ẹṣin gbé àwọn ọmọdé ya fọ́tò létí òkun l'Ékòó, ní ọ̀tá mìíràn tó sún mọ́ ọn ju tsetse lọ. Ó wà nínú àpò ọkà tó fi ti ògiri yẹn.

Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó lè ṣẹ́gun ọ̀tá yìí ò wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì òróró àlòkù lè ṣe é. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń bá jà ká tó lọ ọjà.

Májèlé tó ń sọ ọpọlọ di omi

Lára ohun tí wọ́n ń fún ẹṣin jẹ lọ́dọ̀ wa ni ọkà bàbà, àgbàdo, èérí ọkà tí wọ́n ń pè ní dùsà, àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ. Àgbàdo ló ń kó mi láyà sókè jù nínú gbogbo wọn.

Fọ́ńgáàsì kan wà tó ń jẹ́ Fusarium verticillioides. Inú oko ló ti máa ń wọ àgbàdo. Ó ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní fumonisin. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti mọ̀ pé àgbàdo tó bu máa ń pa ẹṣin, àmọ́ wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Ọdún 1988 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní South Africa yọ fumonisin sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi hàn pé òun ni apani náà.

Ohun tó ń ṣe burú. Apá funfun inú ọpọlọ ẹṣin ló máa ń rọ̀, tí á sì di olómi. Ẹṣin á kọ oúnjẹ. Á máa rìn yí po lójú kan, á fi orí ti ògiri, ojú rẹ̀ lè fọ́. Ó lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Sísè ọkà náà kì í sì í lé fumonisin lọ, torí iná ìdáná lásán kì í bà á jẹ́.

Ẹ wo bí ara ẹṣin ṣe gbẹgẹ́ sí i tó. Ìmọ̀ràn tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fi síta ni pé àgbàdo tí wọ́n máa fún ẹṣin kò gbọ́dọ̀ ní ju mílígíráàmù 5 fumonisin nínú kìlógíráàmù kan, kí àgbàdo ọ̀hún má sì ju ìdá 20 nínú 100 oúnjẹ rẹ̀ lọ. Fún adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún pípa, mílígíráàmù 100 ni wọ́n gbà láàyè. Ìlọ́po 20 nìyẹn! Torí náà, tí ẹnì kan bá ní, "Àgbàdo yìí ò dáa fún èèyàn mọ́, ẹ fún ẹṣin," ẹ má gbà fún un. Adìyẹ lè jẹ ẹ́ kó máa rìn lọ. Ẹṣin ò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níbí: kò sí kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tó lè yọ májèlé tó ti wà nínú ọkà kúrò. Bí ẹ bá kó ọkà burúkú sínú ohun tó dáa, ọkà burúkú náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ ra ọkà tó mọ́. Ẹ fi asẹ́ ku àgbàdo kẹ́ ẹ tó kó o pamọ́, torí inú àwọn tó fọ́ àti ẹ̀kúnná rẹ̀ ni fumonisin máa ń pọ̀ sí jù. Iṣẹ́ ohun ìpamọ́ ni pé kó má jẹ́ kí ọkà tó dáa bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Àwọn olè mẹ́rin

Olè àkọ́kọ́ ni ọ̀rinrin. Àgbàdo tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 13 nínú 100 lọ lè pẹ́ kó tó bàjẹ́. Tí omi bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn fọ́ńgáàsì inú àká, pàápàá àwọn ẹbí Aspergillus tó ń ṣe aflatoxin, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpò ọ̀rá tí wọ́n hun, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì, ń mí síta, ó ń mí sínú. Lásìkò òjò, ọkà inú rẹ̀ á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí aṣọ tí a sá sábẹ́ òrùlé.

Olè kejì ni kòkòrò tó ń jẹ ọkà. Inú ẹyọ ọkà gan-an ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ lọmọ ti ń jẹun dàgbà. Ẹ lè má rí ẹyọ kan lónìí, kí àpò kún fún wọn lóṣù tó ń bọ̀. Tí kòkòrò bá sì ń jẹ ọkà, ó ń mí. Bó ṣe ń mí, omi àti ooru ń jáde lára rẹ̀ sínú ọkà. Kòkòrò ló ń ṣílẹ̀kùn fún fọ́ńgáàsì.

Olè kẹta ni eku. Yàtọ̀ sí pé ó ń jẹun, ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni wàhálà. Eku tó ń jẹ́ Mastomys natalensis ló ń gbé ibà Lassa kiri, àìsàn tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù. Ẹni tó ń bu ọkà fún ẹṣin láràárọ̀ ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìtọ̀ eku, kì í ṣe ẹṣin.

Olè kẹrin? Ẹṣin fúnra rẹ̀. Bí ẹṣin bá rí ọkà tí ẹnikẹ́ni ò dé dáadáa lóru, á jẹ ẹ́ títí. Ọkà àjẹjù máa ń fa inú rírun tó lè pa á, ó sì lè ba pátákò rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè rìn mọ́. Kò kúkú lè bì í.

Kí ló dé tí mo fi ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹṣin yín wọn 300 kìlógíráàmù. Oúnjẹ gbígbẹ tó máa jẹ lójúmọ́ á tó kìlógíráàmù 6, koríko ló sì yẹ kó pọ̀ jù níbẹ̀. Ká ní ẹ̀ ń fún un ní kìlógíráàmù 2 ọkà bàbà.

Lítà ọkà kan wọn bíi gíráàmù 720. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 á gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 144. Ìyẹn á tó ẹṣin kan fún ọjọ́ 72. Ó dáa, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọjọ́ 72 lẹ máa fi ṣí dúrọ́ọ̀mù yẹn láràárọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, afẹ́fẹ́ tuntun á wọlé, ọ̀rinrin á bá a wọlé, kòkòrò á rí èémí gbà.

Ẹ wá mú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ọ̀kan á gba kìlógíráàmù 18, ìyẹn oúnjẹ ọjọ́ 9. Mẹ́jọ nínú wọn gba iye kan náà pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀kan péré lẹ máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. Méje tó kù á wà ní dídé pa. Tí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, kìlógíráàmù 18 lẹ pàdánù, kì í ṣe 144.

Dídé pa yẹn gan-an ni oògùn. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ìdá 21 ọ́síjìn nínú 100. Nínú kẹ́ẹ̀gì tó kún dẹ́nu tí a sì dé pinpin, kòkòrò á máa lo ọ́síjìn yẹn títí tí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọn ò ní lè jẹun mọ́, wọn ò ní lè bímọ, wọ́n á sì kú. Èémí wọn ló pa wọ́n. Kò sí ìdí láti ju hóró oògùn tàbí fọ́n dichlorvos sí oúnjẹ ẹranko tí kò lè bì.

Kì í ṣe àlá tèmi nìkan o. Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà lo ọgbọ́n yìí fún ẹ̀wà ní Cameroon láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ibẹ̀ ni àpò PICS ti wá: ọ̀rá méjì tó nípọn nínú, àpò híhun kan níta. Irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ọ̀rá inú yẹn, HDPE, ni wọ́n sábà fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì òróró. Ti kẹ́ẹ̀gì kàn nípọn jù ú lọ dáadáa, eku ò sì lè tètè lu ú bí ó ṣe ń lu ọ̀rá.

Àwọn kan máa ń tan àbẹ́là sínú dúrọ́ọ̀mù irin kí wọ́n tó dé e, kó lè jẹ ọ́síjìn tán. Àbẹ́là máa ń kú nígbà tí ọ́síjìn bá kù bíi ìdá 16. Kòkòrò ṣì ń jayé nígbà yẹn! Àwọn gan-an ló máa parí iṣẹ́ tí àbẹ́là bẹ̀rẹ̀. Nínú kẹ́ẹ̀gì rọ́bà, ẹ má dán an wò rárá; iná ni yóò dá.

Èérí nìkan ni kẹ́ẹ̀gì ò bá mu, torí kì í ṣàn gba ẹnu tóóró. Ó fúyẹ́, ó sì ń gbàyè: lítà 200 èérí àlìkámà lè má ju kìlógíráàmù 50 lọ. Òróró inú rẹ̀ sì máa ń tètè kan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí àwọn oníbúrẹ́dì ti lo bọ́tà inú rẹ̀ tán ló dáa fún un. Ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹṣin máa jẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kí ni àgbá yìí ti gbé rí?

Ìbéèrè yìí ni kẹ́ ẹ máa bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ta ohun àlòkù fún yín. Rọ́bà kì í ṣe gíláàsì. Ó máa ń fa kẹ́míkà mọ́ra díẹ̀díẹ̀, á sì tún máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọṣẹ kì í fọ èyí tó ti wọ inú ara rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù búlúù tó gbé oògùn apakòkòrò ò lè di ilé ọkà láéláé, bó ti wù kí wọ́n ta á ní ọ̀pọ̀ tó.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà 2 nínú onígun mẹ́ta túmọ̀ sí HDPE. Àwòrán ife àti fọ́ọ̀kì túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún oúnjẹ. Ṣùgbọ́n àmì wọ̀nyí ń sọ ohun tí wọ́n ṣe é fún ni, wọn ò sọ ohun tí ẹni tó lò ó gbẹ̀yìn rọ sí i. Torí náà ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tú nǹkan inú rẹ̀ gan-an: oníbúrẹ́dì, olóúnjẹ, ìyá tó ń ta òróró. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí kẹ́míkà tàbí tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ fi sílẹ̀.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà. Èyí tí kò gbé ọ̀dà rí kò burú. Èyí tí ọ̀dà ṣì lẹ̀ mọ́ lára, ẹ fi da omi sí òdòdó.

Dúrọ́ọ̀mù irin ni eku ò lè lu rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń làágùn. Irin ń tètè gbóná lọ́sàn-án, ó sì ń tètè tutù lóru. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á di omi lábẹ́ ìdérí rẹ̀, á máa kán sórí ọkà. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé, lórí pákó, kó má kan ilẹ̀.

Fìríìsà tó ti kú náà wúlò gan-an. Ìdérí rẹ̀ wúwo, ara rẹ̀ nípọn, ooru kì í tètè wọ inú rẹ̀, eku ò sì ráàyè. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ to àpò sínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ fi àgádágodo tì í nígbà gbogbo. Ọmọdé tó bá kó sínú fìríìsà lọ farapamọ́ lè má lè ṣí i láti inú, ọ́síjìn tó ń tán fún kòkòrò á tán fún òun náà. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ló mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1956 pé ilẹ̀kùn fíríìjì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú.

Oúnjẹ adìyẹ kì í ṣe àbúrò oúnjẹ ẹṣin

Ọ̀pọ̀ ilé tó ń sin ẹṣin ń sin adìyẹ pẹ̀lú. Àwọn oúnjẹ adìyẹ kan ní oògùn kan nínú tó ń jẹ́ monensin, wọ́n fi ń dènà àìsàn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tó lè pa ìdajì àwọn adìyẹ tó bá jẹ ẹ́ jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 200 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Ti ẹṣin jẹ́ 2 sí 3 péré. Ọkàn ẹṣin ló máa ń bà jẹ́.

Oúnjẹ tí wọ́n po mílígíráàmù 100 monensin mọ́ kìlógíráàmù rẹ̀ kan, kìlógíráàmù 6 nínú rẹ̀ ti tó láti fi ẹ̀mí ẹṣin 300 kìlógíráàmù sínú ewu. Ẹṣin tí ebi ń pa lè jẹ ìyẹn tán lóru ọjọ́ kan. Ẹ má fi dúrọ́ọ̀mù adìyẹ ṣe ti ẹṣin. Ẹ má fi ife kan náà bu méjèèjì. Ẹ fi ọ̀dà kọ "ẸṢIN" gàdàgbà sára kẹ́ẹ̀gì yín, kí ẹni tó bá wá bá yín bu oúnjẹ lọ́jọ́ tẹ́ ò sí nílé má ṣì í mú.

Ó yá, kí la máa ṣe?

1. Ẹ fọ kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú omi gbígbóná àti ọṣẹ títí òróró á fi tán, torí òróró tó kan máa ń ba ọkà jẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú oòrùn títí inú rẹ̀ á fi gbẹ pátápátá.

2. Ẹ dán afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ dé e, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sínú omi. Tí omi bá ń hó pùkẹ̀ níbì kan, ó ń jò.

3. Ẹ fi iyọ̀ dán ọkà wò. Ẹ yan iyọ̀ díẹ̀ lórí iná kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ da ọkà sínú ìgò gíláàsì gbígbẹ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kan sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú ọkà ti ju ìdá 15 lọ. Ẹ dá a padà sínú oòrùn. Tí kò bá tiẹ̀ lẹ̀, ẹ tún sá a sí i lọ́jọ́ kan, torí 13 là ń wá.

4. Ẹ má dé ọkà tútù pa láéláé. Níbi tí omi wà tí afẹ́fẹ́ ò sí, ọkà á kan, kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe májèlé botulism sì lè ráàyè níbẹ̀. Ara ẹṣin kì í gba ìyẹn rárá.

5. Ẹ kún kẹ́ẹ̀gì dẹ́nu, ẹ máa mì í kó lè kì dáadáa. Àyè tó bá ṣófo, ọ́síjìn ló ń gbébẹ̀.

6. Ẹ kọ ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán kẹ́ ẹ tó ṣí i.

7. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tó ń rùn, tó gbóná, tó dì pọ̀ tàbí tó bu, ẹ má fún ẹṣin, ẹ má sì fún adìyẹ. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ kẹ́ ẹ bò ó.

Ẹni tó bá wà n'Ílọrin tó tún fẹ́ ìmọ̀ràn sí i, ẹ ò ní láti rìn jìnnà. Ibẹ̀ gan-an ni olú iléeṣẹ́ NSPRI wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpamọ́ irè oko.

Kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ ò ní láti jẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì lóṣù yìí: ọ̀kan tí ẹṣin ń jẹ, ọ̀kan tó wà ní dídé. Tówó bá tún yọ, ẹ fi méjì kún un. Kí òjò tó dé, ilé ọkà yín á ti pé, láìra ohun kan tí kò tíì gbé òróró rí.